Ojú Inú Kì í Ṣe Tírà

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kan gbogbo ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já nígbà tí iṣẹ́ ńlá bá wà níwájú rẹ̀: ẹni tí yóò jókòó ìdánwò ìgbàwọlé sí Yunifásítì, arákùnrin tí yóò gun mínbárì fún ìgbà àkọ́kọ́, arábìnrin tí wọ́n pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi iṣẹ́, tí ó sì mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ lè jẹ́ nípa híjáàbù tí ó wà ní orí òun. Àyà jíjá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń sá tọ̀ láti fi wò ó sàn lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjà mi wà.

TÍRÀ TÍ Ó WỌ KÓÒTÙ

Ẹ̀yin náà mọ tírà àtijọ́. Bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, òbí a mú ọmọ lọ sí ilé àáfáà. Àáfáà a kọ hàǹtú sí ojú wàláà, a fi omi fọ̀ ọ́, ọmọ a gbé e mu. A fi awọ rán tírà, ọmọ a so ó mọ́ apá. Wọn a ní kí ọmọ má bẹ̀rù mọ́, pé ìwé yóò máa wọ orí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwa tí à ń pe ara wa ní alátùn-únṣe ti ń bá àṣà yìí jà. A wí i ní mọ́sálásí, a wí i ní gbàgede, pé ẹni tí ó bá gbé ọkàn rẹ̀ lé awọ àti okùn ti gbé e kúrò lórí Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín gbọ́, ẹ sì já tírà dànù. A dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n tírà tí a lé jáde ní ẹnu ọ̀nà ti gba ojú fèrèsé padà wọlé. Ó wọ kóòtù, ó de táì, ó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ óò bá a nínú ìwé tí wọ́n pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ óò bá a nínú fídíò orí fóònù, ẹ óò bá a ní ìpàdé tí àwọn olùsọ̀rọ̀-ìwúrí ń gba owó ìwọlé sí. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni kò ju báyìí lọ: di ojú rẹ, fi ojú inú rí ara rẹ pẹ̀lú ohun tí o ń fẹ́, máa rí i tọ̀sán-tòru bí ẹni pé ó ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, yóò sì wá bá ọ dandan. Wọ́n ní òfin ayé ni, pé ohun tí ọkàn bá ń rò ni ó máa ń fà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun, kò sì ti inú Ìsìláàmù wá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 1937, Napoleon Hill kọ ìwé Think and Grow Rich, ó sì kọ́ àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé kí wọ́n máa rí owó tí wọ́n ń fẹ́ nínú ọkàn wọn bí ẹni pé ó ti wà lọ́wọ́ wọn. Ní 1952, àlùfáà ìjọ Kristi kan, Norman Vincent Peale, gbé The Power of Positive Thinking jáde, ó fi irú rẹ̀ wọ aṣọ ẹ̀sìn. Ní 2006, Rhonda Byrne, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ṣe fíìmù àti ìwé The Secret, ẹ̀kọ́ náà sì tàn ká ayé. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé mo ti gbọ́ ọ ní ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́ tiwa pàápàá. Wọ́n fi bísímílláhì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi àdúà parí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ibi tí ohun tí ó wà láàrin ti wá.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa. Ó gé àwòrán ẹnu ọ̀nà Yunifásítì kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní òkè ibùsùn rẹ̀. Alaalẹ́ ni ó máa ń di ojú, tí ó ń rí ara rẹ̀ nínú aṣọ funfun àwọn dókítà. Inú rẹ̀ a dùn, ara rẹ̀ a balẹ̀, a sì sùn. Ìwé físíìsì rẹ̀ wà lórí tábìlì, eruku bò ó. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde tí máàkì rẹ̀ kò tó, ó tọ ẹni tí ó kọ́ ọ lọ. Ẹni náà ní kò rí i dáadáa ni, ó ní iyèméjì ni ó wà nínú ọkàn rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó ṣẹ. Ọmọ náà padà, ó tún ṣe é ní ọdún kejì, ó tún kùnà. Ìgbà tí ó wá sọ́dọ̀ wa, ìbéèrè tí ó bi wá kò kan ìdánwò mọ́. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àdúà tí mo ń ṣe tilẹ̀ ń dé ibì kankan?”

Ẹ̀yin ará mi, ẹ wo bí ọ̀nà náà ti rìn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán, ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀lẹ kọjá, ó parí sí iyèméjì nípa Ọlọ́hun. Báyìí náà ni àáfáà onítírà ṣe máa ń wí: bí tírà kò bá jẹ́, a ní oníbàárà ni kò pa èèwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọjà kan náà ni, àpò rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Ẹni tí ó tà á kì í jẹ̀bi láé.

TA NI Ó NI “KUN”?

Ní ìparí Súrà Yáásíìn, ẹsẹ 82, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé Òun ni Ó máa ń pàṣẹ fún nǹkan pé kí ó jẹ́, tí ó sì máa ń jẹ́. “Kun” ni àṣẹ náà. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ Mùsùlùmí pé bí ọkàn rẹ̀ bá ti rí nǹkan, nǹkan náà ti di dandan, ó ti gba “Kun” lọ́wọ́ Ẹni tí ó ni ín, ó sì gbé e fún ẹ̀dá tí kò lè dá eṣinṣin. Kí ni a ó pe ìyẹn bí kì í bá ṣe wíwá akẹgbẹ́ fún Ọlọ́hun?

Ẹ ka Súrà Al-Qalam láti ẹsẹ 17 dé 32. Àwọn kan ní oko eléso. Ní alẹ́, wọ́n ti rí ìkórè náà nínú ọkàn wọn. Wọ́n búra pé ní ìdájí ni àwọn yóò ká a, wọn kò sì fi ti Ọlọ́hun sí i. Wọ́n pinnu pé tálákà kan kò ní í tẹ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n sùn, àjálù láti ọ̀dọ̀ Olúwa wọn sì bọ́ sórí oko. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀, wọ́n kọ́kọ́ rò pé àwọn ṣìnà ni. Ìkórè ni ojú inú wọn rí, ahoro ni ojú orí wọn bá. Ìdí nìyí tí Ọlọ́hun fi kọ́ Ànábì Rẹ̀ nínú Súrà Al-Kahf, ẹsẹ 23 àti 24, pé kò gbọdọ̀ sọ nípa ohunkóhun pé òun yóò ṣe é lọ́la láì fi ìfẹ́ Ọlọ́hun sí i. Bí Ànábì bá nílò “in shaa Allah”, ta ni ìwọ tí o rò pé àwòrán orí rẹ tó?

Ẹ má jẹ́ kí á lọ jìnnà. Ní ọdún 2025, àjọ JAMB fúnra rẹ̀ jáde sọ fún aráyé pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti ba èsì ìdánwò jẹ́ ní àwọn ibùdó kan ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe. Ṣé gbogbo wọn ni kò fi ojú inú ríran dáadáa ni? Ọmọ tí ó kàwé tí ó sì gba kádàrá gbọ́ lè sunkún, yóò nu ojú rẹ̀ nù, yóò sì padà lọ jókòó. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé ọkàn òun ni ó ń dá ayé, ara rẹ̀ ni yóò máa bú.

Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀ tí a kì í sábà sọ. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ojú inú rẹ̀ láti máa wo èrè nìkan, ọ̀nà tí èrè gbà wá kì í jẹ ẹ́ lógún mọ́. Ó rí ìwé ìgbàwọlé, kò rí ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń kàwé. Kí ni yóò wá dá a dúró nígbà tí wọ́n bá pè é sí ibùdó ìdánwò tí wọ́n ń pè ní “mírákù”, níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sí ojú pátákó fún ẹni tí ó bá san owó? Máàkì ni ó rí lójú inú, máàkì ni wọ́n fún un. Ọ̀nà hàrámù kò bà á lẹ́rù, nítorí kò sí ọ̀nà kankan nínú àwòrán rẹ̀ rárá.

ÈSÌ FÚN ÀWỌN TÍ Ó NÍ HÀRÁMÙ NI GBOGBO RẸ̀

Mo tún ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn arákùnrin wa kan. Wọ́n gbọ́ bí a ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n wá ní kí á kó gbogbo rẹ̀ dànù: pé àṣà àwọn kèfèrí ni kí ènìyàn máa fi ojú inú wo iṣẹ́ rẹ̀, pé Mùsùlùmí tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá pé kì í bẹ̀rù, kò sì nílò ohun tí yóò fi mú àyà rẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ wọn dùn létí, ṣùgbọ́n àṣejù ni, àṣejù kò sì sí nínú Súnnà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rù. Nínú Súrà Tọ́ọ̀-Háà, Ọlọ́hun bá Ànábì Músá sọ̀rọ̀ ní àfonífojì Tuwa. Kí Ó tó rán an sí Fir'aona, Ó ní kí ó ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí ọ̀tá kankan kò sí. Ọ̀pá di ejò. Súrà Al-Qasas, ẹsẹ 31, sọ fún wa pé Músá pẹ̀yìn dà, ó sá. Ọlọ́hun pè é padà, Ó ní kí ó má bẹ̀rù, Ó sì ní kí ó mú ejò náà. Kí Músá tó dúró níwájú ọba, Olúwa rẹ̀ ti jẹ́ kí ó rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan án. Músá tọrọ pé kí Ọlọ́hun la àyà òun, kí Ó sọ iṣẹ́ òun di ìrọ̀rùn, kí Ó tú kókó ahọ́n òun. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí àwọn onídán ju okùn àti ọ̀pá wọn sílẹ̀, ẹsẹ 67 nínú Tọ́ọ̀-Háà ní ẹ̀rù bà á nínú ọkàn rẹ̀. Ànábì Ọlọ́hun ni! Ẹ̀rù bà á, Olúwa rẹ̀ fi í lọ́kàn balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe iṣẹ́ tí ó ti ṣe rí ní Tuwa. Ta ni ó wá ń sọ fún ọmọ ọdún 17 pé àyà rẹ̀ tí ń já jẹ́ àmì àìnígbàgbọ́?

Ní ti àwòrán ọkàn, ẹ ṣí Súrà Al-Anfaal, ẹsẹ 43. Kí ogun Badr tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kejì Híjírà, èyí tí í ṣe 624, Ọlọ́hun fi àwọn ọ̀tá han Ànábì lójú oorun bí ẹni pé wọn kò pọ̀. Ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀: bí Ó bá fi wọ́n hàn ní púpọ̀, ọkàn àwọn Mùsùlùmí ìbá domi, wọn ìbá sì máa bá ara wọn jiyàn. Àlá Ànábì, ìmísí ni. Tiwa kì í ṣe ìmísí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n wéra. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ hàn kedere, pé ohun tí ọkàn bá rí lè mú ẹsẹ̀ dúró, ó sì lè mú ẹsẹ̀ yẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó tìtorí àlá náà jókòó sílẹ̀. Wọ́n to ẹsẹ̀ ogun, wọ́n dúró ti kànga, Ànábì sì gbé ọwọ́ sókè nínú àdúà títí aṣọ ìlékè rẹ̀ fi bọ́ kúrò ní èjìká.

Nínú hadíìsì Jibríílù tí gbogbo wa mọ̀, Ànábì ṣàlàyé pé ìhsáànù ni kí ènìyàn máa sin Ọlọ́hun bí ẹni tí ń rí I, nítorí bí ènìyàn kò tilẹ̀ rí I, Òun ń rí ènìyàn. Hanzala, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé Ànábì, lọ bá Abúbakari pé òun ti di mùnáfíkì: pé bí àwọn bá wà lọ́dọ̀ Ànábì tí ó ń rán àwọn létí alùjánnà àti iná, a dà bí ẹni pé àwọn ń fojú rí wọn, ṣùgbọ́n bí àwọn bá délé, aya, ọmọ àti iṣẹ́ a mú àwọn gbàgbé. Nínú àkójọ Muslim ni ìtàn yìí wà. Ànábì kò bá a wí pé ó fi ojú inú rí alùjánnà. Ó tù ú nínú pé ohun gbogbo ní wákàtí tirẹ̀. Àwọn sàhábà mọ ojú inú, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Ẹni tí ó bá sì ń wí pé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ni ọgbọ́n yìí ti wá, kí ó rántí ogun Yàrà ní ọdún 627. Ọgbọ́n ogun àwọn ará Páṣíà ni yàrà gbígbẹ́, Salman ni ó mú un wá. Ànábì kò béèrè ẹ̀sìn ẹni tí ó kọ́kọ́ gbẹ́ yàrà. Ó bá wọn ru erùpẹ̀.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ FI HÀN

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn ti rí. Ní 1999, Lien Pham àti Shelley Taylor ti Yunifásítì California ní Los Angeles gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò wọn kù bí ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní kí àwọn kan máa fi ojú inú rí ara wọn lójoojúmọ́ níbi tí wọ́n ti ń kàwé. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn máa rí ara wọn nígbà tí wọ́n ti gba máàkì rere. Àwọn tí ó rí ìwé kíkà ni iṣẹ́ wọn tẹ̀ síwájú tí máàkì wọn sì gòkè. Àwọn olùwádìí náà sọ ìdí méjì: àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣètò iṣẹ́ wọn, àyà wọn kò sì já bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀, ibi tí ó wà nìyẹn.

Ní 2011, Heather Kappes àti Gabriele Oettingen fi hàn pé bí ènìyàn bá ń fi ọkàn jẹ adùn ọjọ́ iwájú tí gbogbo rẹ̀ dára, agbára tí ó yẹ kí ó fi ṣiṣẹ́ ni ó máa ń dínkù. Ọkàn ti jẹ èrè tán kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ rántí ọmọ àdúgbò wa tí ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ tí ó sì máa ń sùn.

Ní 1995, Alvaro Pascual-Leone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn kan ní orin dùùrù kékeré kan fún ọjọ́ márùn-ún, wákàtí méjì lójúmọ́. Àwọn kan fi ìka tẹ̀ ẹ́, àwọn mìíràn fi ojú inú nìkan tẹ̀ ẹ́. Ọpọlọ àwọn méjèèjì yí padà ní apá tí ó ń darí ìka. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ ni ó mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù. Àwọn tí ó fi ojú inú tẹ̀ ẹ́ kò bá wọn dọ́gba àfi ìgbà tí àwọn náà fi ìka tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí méjì. Ìròhìn ayọ̀ ni èyí, ìkìlọ̀ sì ni: ojú inú ń la ọ̀nà fún ọwọ́, kò lè rọ́pò ọwọ́.

Ní ìdíje Òlíńpíìkì Beijing, ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, omi kún inú awò ojú Michael Phelps, ọmọ Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ 200 mítà. Kò ríran mọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ tipẹ́ láti máa fi ojú inú wo ìdíje kí ó tó dé, kì í ṣe èyí tí ó dára nìkan, bí kò ṣe èyí tí nǹkan ti bàjẹ́ pẹ̀lú. Ó ń ka iye ìgbà tí apá rẹ̀ wa omi títí ó fi kan ògiri. Ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 52.03 ni ó lò, kò sì sí ẹni tí ó ti yá tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Kì í ṣe ère wúrà ni ó fi ojú inú wò tí ó fi yè bọ́ nínú omi. Ìyọnu ni ó ti wò, àti ohun tí òun yóò ṣe sí i.

Ọkùnrin kan bi Ànábì léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun tó gbára lé Ọlọ́hun, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ láìso. Ẹ mọ èsì tí ó gbà: kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Fífi ojú inú wo iṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú okùn tí a fi ń so ràkúnmí. Fífi ojú inú wo èrè lásán ni kí ènìyàn di ojú kí ó máa rí ràkúnmí tí ó ti so mọ́lẹ̀, nígbà tí ẹran náà ń lọ nínú aṣálẹ̀.

BÍ Ó TI YẸ KÍ Á ṢE É

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í pè ọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Kì í ṣe ìjọsìn, nítorí náà má ṣe sọ ọ́ di wíríìdì, má ka iye fún un, má sì gbé ojú ṣéù kankan síwájú ọkàn rẹ pé òun ni yóò fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀. Mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí èémí tí ń jáde gùn ju èyí tí ń wọlé lọ. Èyí máa ń jẹ́ kí lílù ọkàn rọlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, rin ọjọ́ náà já láti ìbẹ̀rẹ̀. Rí ara rẹ tí o ń ṣe àlùwàlá, tí o ń mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ, tí o ń tẹ ìka níbi àyẹ̀wò, tí o ń jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè 180 ni JAMB ń béèrè nínú ìṣẹ́jú 120. Bí o bá pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó kan ìkọ̀ọ̀kan. Rí ara rẹ níbi tí o ti bá èyí tí o kò mọ̀ pàdé, tí o fò ó, tí o sì padà sí i níkẹyìn. Wo ìyọnu náà: iná ṣẹ́jú, ẹ̀rọ dúró, ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ti parí kí o tó dé ìdajì. Rí ọwọ́ rẹ tí o nà sókè láti pe alábòójútó, gbọ́ orúkọ Ọlọ́hun ní ahọ́n rẹ. Ìwọ arábìnrin, gbọ́ ìbéèrè nípa híjáàbù náà bí wọ́n ṣe lè fi ìbínú bi í, kí o sì gbọ́ ohùn ara rẹ tí ó ń dáhùn ní kúkúrú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìgbọ̀n. Ìwọ arákùnrin oníwáàsí, rí ara rẹ níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọnù lẹ́nu rẹ, tí o dákẹ́ díẹ̀, tí o sì bá a lọ.

Fi àdúà Ànábì Músá parí rẹ̀. Sọ “in shaa Allah” pẹ̀lú òye, kí o sì fi èsì sílẹ̀ fún Ẹni tí ó ni ín. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o ṣí ìwé. Ojú inú tí kò bá gbé ọ dé ìdí ìwé, Ṣàítáánì ni ó ń fi bá ọ ṣeré. Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ bá sì ti kọjá bẹ́ẹ̀, tí kò lè sùn, tí kò lè jẹun, kí ó lọ rí dókítà. Ànábì pàṣẹ fún wa láti wá ìwòsàn, kì í ṣe ìtìjú.

Ẹ̀yin aṣáájú ẹ̀ka wa, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó pe olùsọ̀rọ̀ kankan sí ìpàgọ́ àwọn ọmọ wa, ẹ béèrè ohun tí ó fẹ́ kọ́ wọn. Owó tí ẹ fẹ́ fún un, ẹ fi ya kọ̀ǹpútà, kí àwọn ọmọ ṣe ìdánwò àṣewò lẹ́ẹ̀mẹta kí ọjọ́ náà tó dé. Tuwa tiwọn nìyẹn.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó béèrè bóyá àdúà òun ń dé ibì kankan, a kò sọ fún un pé yóò wọlé lọ́dún tí ń bọ̀, nítorí a kò mọ ohun tí ó pamọ́. A sọ fún un pé Olúwa rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, pé ìkùnà rẹ̀ kì í ṣe nítorí pé kò ríran dáadáa, pé ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un ti rẹ́ ẹ jẹ. Ó sunkún. Nígbà tí ó délé, ó já àwòrán ẹnu ọ̀nà náà kúrò lára ògiri, ó lẹ ìwé ètò kíkà rẹ̀ síbẹ̀: físíìsì ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, kẹ́místírì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ìyẹn ni ó kọ́kọ́ ń rí báyìí bí ó bá jí.

Ànábì kọ́ wa pé kí á ṣe ojúkòkòrò ohun tí yóò ṣe wá ní àǹfààní, kí á wá ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́hun, kí á má ṣe ya ọ̀lẹ. Bí nǹkan kan bá sì ṣẹlẹ̀ sí wa, kí á má máa wí pé ìbá ṣe pé báyìí ni a ṣe ni, nítorí ibẹ̀ ni Ṣàítáánì ń gbà wọlé. Kí Ọlọ́hun la àyà wa, kí Ó sọ iṣẹ́ wa di ìrọ̀rùn, kí Ó má fi wá sílẹ̀ fún ọkàn wa bí ìṣẹ́jú kan. Àmín.